Páìpù Tó Bó Lẹ́ẹ̀mẹta: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Kan ní Àgbádárìgì

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àkókò òjò, ọlọ́kadà kan ti alùpùpù rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù wa lójú ọ̀nà Ajárá, ní Àgbádárìgì, ó sì ní kí a bá òun fọ páìpù èéfín rẹ̀, kí a kùn ún ní dúdú padà. Lójú mi, iṣẹ́ ọjọ́ kan péré ni, irú èyí tí ènìyàn máa ń gbà lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ tí yóò sì ti parí kí oòrùn tó wọ̀. Ṣùgbọ́n oṣù kan ó lé díẹ̀ ni iṣẹ́ náà fi ń lọ tí ó ń bọ̀ láàárín èmi àti ọkùnrin yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni àwa fúnra wa sì kùn ún tí ó bàjẹ́ kí a tó rí ìdí abájọ. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n ń ṣe irú iṣẹ́ yìí létí òkun àti létí ọ̀sà, nítorí pé àṣìṣe tí mo ṣe kì í ṣe ti ọ̀lẹ tàbí ti oníwàǹwara. Mo ṣe gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi, síbẹ̀ kò dúró.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́, ọ̀nà méjì ni páìpù èéfín alùpùpù pín sí. Ọrùn ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó jáde láti ojú ẹ́ńjìnnì, tí ó tẹ̀ wálẹ̀ lọ sábẹ́. Ikùn ni irin sísanra tí ó na gbọọrọ lọ sẹ́yìn, tí ó ń pa ariwo, òun gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní sáílẹ́ńsà. Àwọn méjèèjì kì í gbóná bákan náà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ru ẹrù gun òkè, ìbẹ̀rẹ̀ ọrùn lè gbóná kọjá 400°C, nígbà tí ìdí ikùn, níbi tí èéfín ti ń jáde síta, lè má gbóná tó ìdajì ìyẹn. Ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí òun ni ó wà níwájú mi fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí n kò rí i.

Ọmọ Ègùn ni oníbàárà náà, ó lé díẹ̀ ní ẹni ogójì ọdún. Apá Ṣómólú ni ó ti ń gun ọ̀kadà tẹ́lẹ̀, títí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi fòfin dè é níbẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́kọ́ fòfin dè é ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà mìíràn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún náà. Àgbádárìgì kò sí lára ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tí òfin náà kàn, ó sì gbé alùpùpù rẹ̀ padà sílé. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé ìpẹtà páìpù náà ti ń lé èrò sá. Òótọ́ ni, nítorí ẹni tó wọ aṣọ funfun tó ń lọ sí òde kò ní gbà kí ìpẹtà pupa ta bà òun ní ìtẹ́lẹ̀ ṣòkòtò.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo páìpù náà, mo rí i pé ẹnì kan ti kùn ún kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀dà dúdú lásán ni, irú èyí tí a fi ń kun gééètì, búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sì fi kùn ún lé orí ìpẹtà láìha á rárá. Ní ọrùn, ọ̀dà náà ti jó di eérú, nítorí pé irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ kì í fara da ju nǹkan bí 100 sí 150°C lọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Lára ikùn, ó ti gbé sókè bí èèpo ẹ̀pà, ìpẹtà sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀rá náílọ́ọ̀nù kan ti yọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, epo ẹ́ńjìnnì àti iyẹ̀pẹ̀ sì ti dì gbagidi níbi tí ọrùn ti wọ inú ikùn. Mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló kun èyí fún yín?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tó kun gééètì onílé òun ni, ọjọ́ mẹ́rin ni ó sì fi dán. Èmi náà rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé ẹ̀rín yẹn yóò kàn mí.

A tú páìpù náà kúrò lára alùpùpù nígbà tí ó tutù tán. Àwọn kan máa ń kùn ún lórí alùpùpù níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó kọjú sí táyà kò ní rí ọ̀dà, ibẹ̀ sì ni ẹrẹ̀ máa ń ta sí jù. A fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, a fi kẹrosíìnì wẹ epo tí ó dì kúrò, a mú kí ibi tí ọ̀rá yọ́ mọ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́, a sì fi igi pẹlẹbẹ há a kúrò, nítorí bí a bá fi ọ̀bẹ há ọ̀rá ní tútù, irin ni yóò gba ọgbẹ́. Lẹ́yìn náà ni a fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà, tí a sì fi sáńpépà tẹ̀lé e: 80 ni a kọ́kọ́ lò, a lo 120, a sì fi 240 parí rẹ̀ (bí nọ́ńbà bá ṣe tóbi tó ni ojú rẹ̀ ṣe ń kúnná tó). A kì í kọjá bẹ́ẹ̀, torí pé irin tí ó bá dán jù kì í di ọ̀dà mú. A fi aṣọ funfun tí a rẹ sínú tínà, omi tí wọ́n fi ń po ọ̀dà, nù ún lẹ́ẹ̀mejì, títí aṣọ fi jáde ní mímọ́. Ọ̀dà tí a lò ni èyí tí wọ́n kọ high heat (ìyẹn ọ̀dà ìgbóná) sí lára agolo rẹ̀, tí wọ́n sì kọ 650°C sí abẹ́ rẹ̀. A fọ́n ọn lẹ́ẹ̀mẹta, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, a ń fún un ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárín. A so ó kọ́ di ọjọ́ kejì, a dè é padà, a jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ lórí ìdúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a pa á títí ó fi tutù, a tún tàn án fún ogún ìṣẹ́jú. Ó rí bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e jáde ní ilé iṣẹ́.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún ni ó padà wá. Kò bínú, èyí tí ó dùn mí ju bí ó bá bínú lọ. Ọ̀dà ti léfòó lára ikùn, ní ibi púpọ̀ tí kò tóbi ju ojú owó kọ́bọ̀ lọ, àwọn mìíràn sì ti bẹ́, tí ìpẹtà sì ń yọjú láàárín wọn.

Níhìn-ín ni mo ti ṣe àṣìṣe tí ó tóbi jù. Láìwò ó dáadáa, mo ní ayédèrú ọ̀dà ni wọ́n tà fún mi. Ẹ̀sùn tí ó rọrùn ni, nítorí gbogbo wa mọ̀ pé ayédèrú wà lọ́jà, oníbàárà sì máa ń gbà á gbọ́ kíákíá. Bí mo bá fẹ́ mọ òtítọ́ ni, ohun tí ó yẹ kí n ṣe kò ju kí n fọ́n ìyókù ọ̀dà náà sí ìdérí agolo mílíìkì, kí n jẹ́ kí ó gbẹ, kí n sì gbé e lé iná gáàsì níta: ọ̀dà gééètì yóò jó, yóò rú èéfín dúdú, yóò sì di eérú, ọ̀dà ìgbóná gidi yóò rú èéfín díẹ̀, yóò ṣá díẹ̀, yóò sì dúró. N kò ṣe é. Mo rán ènìyàn lọ sí ọjà Ládípò láti ra òmíràn tí owó rẹ̀ ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, a há gbogbo rẹ̀ dànù, a sì tún iṣẹ́ náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe é tẹ́lẹ̀, láìyí ohunkóhun padà àfi ọ̀dà. N kò gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni èyí náà lò.

Ọmọ iṣẹ́ mi kan, tí kò tíì pé ọdún kan lọ́dọ̀ mi, ni ó la ọ̀rọ̀ náà. Ó ń fi omi nu alùpùpù náà nígbà tí èmi àti oníbàárà ń sọ̀rọ̀, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Bó bá jẹ́ pé ọ̀dà ni ò dáa, ṣé kì í ṣe ọrùn ló yẹ kó kọ́kọ́ jó?" Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo ọrùn. Dúdú ni, kò ní àmì kankan. Láti ìgbà tí a ti kọ́kọ́ kùn ún ni ọrùn kò ti bó. Ibi tí ó gbóná jù ni ọ̀dà ti dúró, ibi tí ó tutù jù ni ó ti ń léfòó; ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ yìí yẹ kí ó mọ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà pé kì í ṣe ooru ni ọ̀tá. Mo jókòó sórí àpótí, mo ní kí ó fún mi ní ṣọ́ọ̀kì.

A fi ṣọ́ọ̀kì yí gbogbo ibi tí ó léfòó ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a ṣe tán, àwòrán náà hàn kedere. Èyí tí ó pọ̀ jù kó ara wọn jọ sí orí ikùn, lápá ẹ̀yìn, ní ìsàlẹ̀ irin tí wọ́n ń di ẹrù sí gan-an. Díẹ̀ tò lọ ní ìlà kan ní abẹ́ ìdí ikùn. Ẹ̀gbẹ́ tí ó kọjú sí táyà, tí mo rò pé ẹrẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bà á jẹ́, kò ní nǹkankan. Mo fi abẹ́rẹ́ gún ọ̀kan lára èyí tí kò tíì bẹ́, omi sì jáde nínú rẹ̀. Ojú ọjọ́ gbẹ láti àná, alùpùpù náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀nà dé, tí ikùn rẹ̀ ṣì ń gbóná. Kí ni omi ń wá lábẹ́ ọ̀dà? Ọmọ náà tún nawọ́ sí súsípẹ́nṣọ̀n ẹ̀yìn àti irin tí wọ́n ń di ẹrù sí: ohun funfun kan bí eérú ti gbẹ mọ́ wọn lára. Mo fi ìka tọ́ ọ, mo fi kan ahọ́n, èyí tí n kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ṣe lára alùpùpù. Iyọ̀ ni.

Mo bi oníbàárà pé kí ni ó máa ń di sẹ́yìn. Ó ní ẹja ni. Ní ìdájí, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò, ó máa ń lọ sí ibi tí àwọn apẹja ti ń gúnlẹ̀, ó sì máa ń bá àwọn ìyá ẹlẹ́ja gbé apẹ̀rẹ̀ lọ sí ọjà Agbálátà. Ẹja òkun ni, wọ́n ń fi omi òkun wọ́n ọn kí ó má bàa gbẹ, omi náà sì ń kán láti ìdí apẹ̀rẹ̀ sórí ikùn páìpù láti etí omi títí dé ọjà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?" Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ò bi mí. Páìpù lẹ bi mí, ẹ ò bi mí nípa ẹja." Kò sí èsì tí mo lè fọ̀ sí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ní ìjìnlẹ̀ nìyí, ibẹ̀ ni n ó sì dúró lé. Omi òkun tí ó bá kán sórí irin gbígbóná yóò gbẹ, ṣùgbọ́n iyọ̀ inú rẹ̀ kì í gbẹ lọ. Ó máa ń wà níbẹ̀, ó sì máa ń wọ inú àwọn ihò kéékèèké tí ìpẹtà ti jẹ sára irin. Bí a bá fi omi ọṣẹ fọ páìpù kí a tó ha á, orí èèpo ìpẹtà ni omi ń gbà kọjá. Iyọ̀ tí ó wà lábẹ́ èèpo náà kò rí omi rárá. Bí a bá wá ha á tán, tí ihò wọ̀nyí ṣí sílẹ̀, tínà ni a fi ń nù ún, tínà kò sì lè yọ iyọ̀. Tínà àti kẹrosíìnì ló ń mú epo kúrò, omi ló ń mú iyọ̀ kúrò, èkínní kò sì lè ṣe iṣẹ́ èkejì. Aṣọ funfun mi jáde ní mímọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n epo nìkan ni ó ń jẹ́rìí sí. A wá fi ọ̀dà bo iyọ̀ náà mọ́lẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó bá ti gbé agolo iyọ̀ sí ìta ní Àgbádárìgì nígbà òjò mọ ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀: á fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra títí yóò fi rin. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń ṣe lábẹ́ ọ̀dà. Kò sí ọ̀dà fẹ́ẹ́rẹ́ tí ọ̀rinrin kì í gba inú rẹ̀ kọjá díẹ̀díẹ̀, iyọ̀ sì ń pè é. Omi á kó jọ, á gbé ọ̀dà sókè, irin á sì máa dípẹtà nínú òkùnkùn.

Ṣùgbọ́n iyọ̀ nìkan kọ́. Mo rẹ aṣọ sínú bẹntiróòlù díẹ̀, lẹ́yìn tí páìpù ti tutù tí a sì ti jìnnà sí iná, mo sì fi pa ọrùn. Aṣọ náà kò dúdú. Mo fi pa ikùn, aṣọ náà sì jáde ní dúdú bí ẹni fi nu ìdí ìkòkò. Ọ̀dà tí ó wà ní ikùn kò tíì jinná. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ni kò mọ̀ pé ọ̀dà ìgbóná kì í le pẹ̀lú atẹ́gùn nìkan bí ọ̀dà gééètì. Sílíkónì ni ó di ọ̀dà náà mú, àyàfi bí ooru bá tó nǹkan bí 200°C fún àkókò díẹ̀ ni ó tó lè di ara rẹ̀ mú gidi. Kí ó tó dé ibẹ̀, ó ti gbẹ lójú ni, ṣùgbọ́n ó ṣì rọ̀ nínú. Nígbà tí a tan ẹ́ńjìnnì lórí ìdúró, ooru tó fún ọrùn, ó sì jinná. Kò tó fún ìdí ikùn. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkùnrin yìí ń rin ìrìn kúkúrú láàárín ìlú, omi tútù láti inú apẹ̀rẹ̀ sì ń kán sórí ibi kan náà lójoojúmọ́, ibẹ̀ kò sì ní ànfààní láti gbóná tó. Iyọ̀ ń ti ọ̀dà láti abẹ́, ọ̀dà náà kò sì ní agbára láti dì í.

Ti ìlà tí ó wà ní abẹ́ ìdí ikùn kò pẹ́ kí ó tó yé wa. Bí bẹntiróòlù lítà kan bá jó nínú ẹ́ńjìnnì, omi tí ó ń bá èéfín jáde ń sún mọ́ lítà kan pẹ̀lú. Nínú ìrìn gígùn, ó máa ń jáde gẹ́gẹ́ bí oru, ṣùgbọ́n nínú ìrìn kúkúrú, ó máa ń di omi sí ìsàlẹ̀ ikùn. Ihò kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n dá sí i kí omi yìí lè máa jáde, ọ̀dà gééètì sì ti dí i pa. Ìpẹtà ti ń jẹ irin náà láti inú bọ̀ síta, ibì kan sì ti lu.

Fún ìgbà kẹta, a há a dànù títí irin fi fojú hàn. Ọmọ iṣẹ́ mi, tí orí rẹ̀ ti wú díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọrùn yẹn, ní kí a fi omi bátìrì pa ìpẹtà tí ó kù nínú àwọn ihò. Mo kọ̀. Òótọ́ ni pé ásíìdì máa ń jẹ ìpẹtà, mo sì mọ àwọn tí wọ́n ń lò ó, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá kù sínú ihò tàbí sínú ojú wẹ́dà yóò máa jẹ irin nìṣó lábẹ́ ọ̀dà, ohun tí a ń gbìyànjú láti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an, kí a má tilẹ̀ sọ ti ojú àti ọwọ́ ọmọlọ́mọ. Orí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni a fi tọ́ àwọn ihò náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wẹ́dà kan ní òdìkejì títì bá wa dí ibi tí ó lu, a sì fi ìṣó kékeré la ihò omi abẹ́ ikùn padà.

Lẹ́yìn náà ni a gbé omi kaná. A fi omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì fọ irin náà, kì í ṣe omi kànga etí òkun o, omi òjò tí a gbà ni. A nù ún, a sì so ó kọ́ sábẹ́ àtíbàbà mọ́jú. Ìdí tí a fi so ó kọ́ láìkùn ún ni pé irin tí kò ní ọ̀dà yóò dípẹtà díẹ̀ lóru ọjọ́ kan lágbègbè wa, ọ̀nà tí ó sì ń gbà dípẹtà yóò sọ bí iyọ̀ bá ṣì wà. Ibi tí iyọ̀ kù sí á dúdú, á sì rin. Ibi tí ó mọ́ á kàn pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ dọ́gbadọ́gba. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ojú dúdú mọ́kànlá ni a kà, gbogbo wọn lórí ikùn, ní ìsàlẹ̀ ibi tí apẹ̀rẹ̀ ń wà. A tún fọ̀ ọ́. Ní òwúrọ̀ kẹta, ó ku méjì. A fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, kò sì sí ìkankan mọ́. N kò tíì rí ohun èlò olówó iyebíye kan tí ó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ tó òru mẹ́ta yẹn.

Sáńpépà 240 ni a fi mú pupa fẹ́ẹ́rẹ́ náà kúrò, a fi tínà nù ún, a sì yá a lórí iná èédú títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ọ̀rinrin má bàa sí níbẹ̀ nígbà tí ọ̀dà bá dé. Láti ìgbà yìí lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ lásán kàn án. Ọmọ náà gbàgbé, àkàrà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ, ó sì gbé e ní ikùn. A tún fi tínà nù ún láti ìbẹ̀rẹ̀. A fọ́n ọ̀dà lẹ́ẹ̀mẹta bí ti tẹ́lẹ̀. Ìyókù agolo àkọ́kọ́, èyí tí mo ti pè ní ayédèrú, ni mo lò, lẹ́yìn tí mo ti dán an wò lórí ìdérí mílíìkì tí ó sì dúró.

Ti jíjinná ni ó kù. A kò ní ààrò tó lè gba páìpù. Ẹnì kan ní kí a lọ bẹ oníbúrẹ́dì àdúgbò wa. Ààrò rẹ̀ gbóná tó lóòótọ́, ṣùgbọ́n èéfín ọ̀dà kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbé wọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe oúnjẹ. Ìdajì àgbá irin epo ńlá kan tí a là sí méjì ní gbọọrọ ni a lò. A tẹ́ èédú tí ó ti pọ́n tán tí kò rú èéfín mọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, a fi wáyà so páìpù kọ́ sókè rẹ̀, a sì fi páànù bò ó, níta gbangba tí atẹ́gùn ń fẹ́. Fún ìdajì wákàtí àkọ́kọ́, a jẹ́ kí iná kéré, kí tínà inú ọ̀dà lè jáde jẹ́jẹ́. Bí ooru bá dé lójijì, ọ̀dà á hó bí ẹ̀kọ. Lẹ́yìn náà ni a kó èédú sí i. Láti mọ̀ bóyá ó ti gbóná tó, mo ya léèdì tí àwọn atún-rédíò-ṣe ń lò, mo fi ègé rẹ̀ kékeré lé orí páànù pẹlẹbẹ tí a so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìdí ikùn. Léèdì náà máa ń yọ́ ní nǹkan bí 183 sí 190°C. Nígbà tí ó yọ́, a fi ìdajì wákàtí kún un, a sì fi páìpù sílẹ̀ níbẹ̀ títí iná fi kú fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, mo fi aṣọ bẹntiróòlù pa ìdí ikùn. Aṣọ náà jáde ní funfun.

Ọ̀dà kò lè dá omi òkun dúró títí láé, nítorí náà a kò jẹ́ kí alùpùpù náà lọ bẹ́ẹ̀. A gé tíúbù ọkọ̀ akẹ́rù, a tẹ́ ẹ sórí irin tí wọ́n ń di ẹrù sí, a sì fa ẹnu rẹ̀ gùn sẹ́yìn kọjá páìpù, kí omi ẹja lè máa kán sílẹ̀ lẹ́yìn táyà. Mo sọ fún un pé kí ó máa da omi mímọ́ sí ikùn náà ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo ọjọ́ tí ó bá ru ẹja, ṣùgbọ́n kí ó dúró kí ó tutù ná, nítorí omi tútù lórí irin gbígbóná lè mú kí ọ̀dà sán. Ti tíúbù, ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ti omi, ó ní òun á máa gbìyànjú.

Ohun tí ó yí padà ní ṣọ́ọ̀bù wa lẹ́yìn ìyẹn kò pọ̀. Kí a tó mú sípánà, a máa ń bi oníbàárà ní ohun tí ó ń rù àti ibi tí ó ń gbà. Lẹ́yìn hìha ni a ń fi omi gbígbóná fọ irin, kì í ṣe kí a tó ha á nìkan, a sì ń fi í sílẹ̀ mọ́jú kí a wo ojú rẹ̀, kódà bí oníbàárà bá ń kánjú. Èyí ti mú kí àwọn kan gbé iṣẹ́ wọn lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò ṣe é lọ́jọ́ kan náà. Bí iṣẹ́ bá sì bàjẹ́, ṣọ́ọ̀kì ni a kọ́kọ́ ń mú, a kò ní dárúkọ ẹni tó ta ọ̀dà títí a ó fi mọ ibi tí ó ti bàjẹ́ àti ibi tí kò ti bàjẹ́. Mo tún ní láti jẹ́wọ́ pé bí mo bá ṣírò ọjọ́ tí a lò, èédú, ọ̀dà agolo méjì àti owó wẹ́dà, iye rẹ̀ kò jìnnà sí owó sáílẹ́ńsà tòkunbọ̀ kan. Fún páìpù tí ó bá ti lu ju ibì kan lọ, mo máa ń sọ fún oníbàárà pé kí ó ra òmíràn.

Oṣù kẹrin lẹ́yìn ìgbà kẹta yìí ni ọkùnrin náà tún yà, kì í ṣe nítorí páìpù, ṣéènì rẹ̀ ni ó fẹ́ kí a fà. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ọrùn ti ń ṣá díẹ̀ sí àwọ̀ eérú lẹ́bàá ẹ́ńjìnnì, bí gbogbo ọrùn ti máa ń ṣe. Orí ikùn dúdú, kò sí ibi tí ó léfòó. Níbi tí bàtà èrò ti ń ha á, ìpẹtà kan tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ ti yọ. A ha ibẹ̀, a fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, a fọ́n ọ̀dà díẹ̀ sí i, mo sì ní kí ó gba ọ̀nà márosẹ̀ lọ sí Sẹmẹ̀ kí ó tó padà sílé, kí páìpù lè gbóná tó. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n apẹ̀rẹ̀ ìyá ẹlẹ́ja kan ń dúró de òun lọ́jà, òun yóò kọ́kọ́ lọ gbé e.